Adìyẹ Ń Làágùn Lábẹ́ Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Wọn ò sọ pé adìyẹ ń díbọ́n o. Ìyẹ́ kì í ṣe irọ́, ara ẹ̀dá rẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ fún wa ni pé ká má fi bí òde ara ṣe rí ṣèdájọ́ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. A máa ń pa òwe yìí fún ìyá tó ń dá ọmọ tọ́ tí aṣọ rẹ̀ sì mọ́, a máa ń pa á fún baálé ilé tó ń rẹ́rìn-ín lóde nígbà tí gbèsè ń dúró dè é nílé. Mo rí ibòmíràn tó ti bá a mu rẹ́gí lóde òní: abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé dúró.

Irin sípíríńgì ló gbé ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ ojú pópó wa dúró. Àwọn kan wà, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ ọkọ̀ olówó gọbọi, tó jẹ́ pé àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló wà níbi tí sípíríńgì ì bá wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Range Rover rí, bẹ́ẹ̀ ni ìran Mercedes S-Class tó jáde ní 1998 rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn Lexus GX 470. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré kan tí iná bátìrì ń yí ló ń fún afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò náà, fáàfù ló ń pín in káàkiri, sẹ́ńsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ara ọkọ̀ ṣe ga sí. Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn tí ẹ̀yìn sì tẹ̀ wálẹ̀, kọ̀ǹpútà á pàṣẹ kí afẹ́fẹ́ wọlé sí i, ọkọ̀ á tún dọ́gba. Adùn rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ náà gan-an ni ìyẹ́ wà.

Nítorí bí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń jò. Sẹ́ńsọ̀ rí i pé ẹsẹ̀ kan ti ń rọ̀, kọ̀ǹpútà pe kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fún afẹ́fẹ́ tó sọ nù padà. Ọkọ̀ dúró déédéé. Olówó rẹ̀ gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó gbé e lọ sóde àríyá, kò rí nǹkan kan. Àmọ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yẹn fún, kì í ṣe àṣekára láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ń gbóná. Ríìngì tó wà lára písítìnì rẹ̀ ń jẹ. Ẹ̀yà tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ á mu omi yó, omi á sì máa tẹ̀lé afẹ́fẹ́ wọ inú fáàfù. Nígbà mìíràn relay tó ń tan iná fún un á lẹ̀ mọ́ra, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò sì ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró mọ́ títí tí yóò fi jóná.

Ọjọ́ tó bá kú ni ọkọ̀ máa fi ikùn lélẹ̀, ọjọ́ yẹn ni gbogbo ènìyàn sì máa gbọ́ pé nǹkan ń ṣe é. Mẹkáníìkì á ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti bàjẹ́. Òótọ́ ni, ó ti bàjẹ́. Ta ló bà á jẹ́? Wọ́n á ra òmíràn, ọkọ̀ á dìde, inú gbogbo wọn á dùn, ihò tó wà lára rọ́bà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa tuntun. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: owó ńlá tí àwọn èèyàn fi ń sin òkú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ léraléra, nígbà tí ẹni tó pa á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú ọ̀nà wa nìkan ló fà á. Oòrùn, eruku àti kòtò ń dá kún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Cadillac Eldorado Brougham tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1957, ọkọ̀ olówó iyebíye nígbà náà, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, jíjò sì mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín yọ ọ́ kúrò kí wọ́n fi sípíríńgì rọ́pò rẹ̀. Rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́.

Báwo la ṣe ń ká ìyẹ́ kúrò? Téèpù tí káfíńtà fi ń wọn pákó ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú nírọ̀lẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín táyà kọ̀ọ̀kan dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹsẹ̀ tó bá rọlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n Range Rover ti 1994 sí 2002 lọ́gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tó dúró sí lóru, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á jí, á rí i pé ẹsẹ̀ kan ti rọ̀, á sì tú afẹ́fẹ́ àwọn mẹ́ta tó kù dànù kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ilẹ̀ á mọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti wà nílẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí wọ́n ra àpò mẹ́rin. Ẹ rí i bí ara tó dá ṣáṣá ṣe ń bo aláìsàn láṣìírí! Relay tó ń jí kọ̀ǹpútà yẹn ni ẹ máa yọ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè sọ tẹnu ara rẹ̀.

Lẹ́yìn téèpù ló kan omi ọṣẹ. Fọ́kánáísà ẹ̀bá títì kì í méfò. Ó ń fẹ́ túúbù, ó ń rì í bọ omi, ó sì ń wo ibi tí omi ti ń hó. Ohun kan náà nìyí. Ẹ fi omi ọṣẹ wọ́n ìsàlẹ̀ àpò níbi tí rọ́bà ti ṣẹ́ lé ara rẹ̀, ẹ wọ́n ibi tí páìpù ti wọlé lókè, kí ẹ sì wọ́n ojú gbogbo páìpù tó wọ fáàfù. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀. Ibi tí rọ́bà ti ṣẹ́ lé ara rẹ̀ yẹn máa ń tan ni jẹ, nítorí sísán lè pa mọ́ bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ kó sì ṣí bó bá ga. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ máa wò ó ní ibi gíga kọ̀ọ̀kan. Bí ọṣẹ ò bá hó níbì kankan tí ọkọ̀ sì ń rọ̀, inú fáàfù ló sábà ti ń jò. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnu páìpù tí wọ́n gé ní wíwọ́ ni gbogbo ẹjọ́: abẹ tó mú tó gé e gún ti tó láti wò ó sàn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń scan ọkọ̀ lè sọ pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti ṣiṣẹ́ jù. Ojú rẹ̀ ò tó ihò.

Ẹ dí ibi tó ń jò ná, kí ẹ tó wo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ relay pẹ̀lú. Mi ò bá ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ nílùú Èkó jà, àmọ́ àpò rọ́bà tòkunbọ̀ kò tọ́ sí rírà, nítorí rọ́bà ń gbó bí wọn ò tilẹ̀ lò ó. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá gbé tuntun, kó fi sípíríńgì tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu sí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé dúró lè wó lulẹ̀ lójijì bí páìpù kan bá já, ọmọ iṣẹ́ ló sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ sì fi stand irin tó lágbára tì í, kí ọmọ ọlọ́mọ tó wọ abẹ́ ibẹ̀.