Ọ̀tá Kòkòrò

Ẹ̀yin ará wa ní òkè Kétu, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ yín, kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ẹlòmíràn á sáré lọ sí ọjà, á ra kápúsù méjì lórí àtẹ, á tú u sínú omi fún ọmọ. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. N kò ṣe é mọ́.

Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló sábà máa ń fa àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà ní ọ̀tá tirẹ̀, tí ó tún kéré jù ú lọ. Irú fáírọ́ọ̀sì kan ni. Kì í mú ènìyàn. Kòkòrò nìkan ló ń bá jà. Ní 1917, Félix d'Hérelle, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Paríìsì, rí i nínú ìgbẹ́ àwọn tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ti ṣe, tí ara wọn sì ń yá.

Ọ̀tá yìí á lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára, á wọ inú rẹ̀, á máa bí sí i níbẹ̀. Bí ọmọ bá pọ̀ tán, kòkòrò á bẹ́, bí ẹ̀wà gbígbẹ ti ń là nínú oòrùn.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye tí ó kú? Ẹ̀rọ kan wà tí ń mú kòkòrò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú iná, bí ẹni tí ń ka àgùntàn lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Wọ́n á ti fi aró sínú omi wọn. Aró náà kì í wọ inú èyí tí ara rẹ̀ ṣì le. Èyí tí ara rẹ̀ ti ya ni yóò tàn pupa. Kíá ni ẹ̀rọ ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ń ka àwọn ọmọ ogun ara nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní sídà. Lójú tèmi, ó yẹ kí a fi wá ọ̀tá kòkòrò ti ilẹ̀ wa pẹ̀lú, nítorí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ló ní kòkòrò tí ó lè pa.

Ẹ má torí èyí mu omi odò o! Ibi tí ọ̀tá wà, kòkòrò wà níbẹ̀.

Kápúsù ọjà ńkọ́? Kòkòrò tí kò bá pa á bímọ, àwọn ọmọ náà kò ní gbọ́ oògùn mọ́. Ọjọ́ tí ọmọ yín bá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi jáwọ́.

Mo mọ̀ pé omi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀, ẹ se omi lítà 1, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré 6 sí i, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré, kí ṣíbí má ga lórí. Ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má sì dá ọmú dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ojú ọmọ jìn wọnú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ bóyá kápúsù yẹ ẹ́.