Ẹ̀kọ́ Ẹnjiníà àti Sáà Kan Lẹ́yìn Odi

Ní oṣù Kejì ọdún 1958, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ti dá ẹgbẹ́ wọn, Nigerian Society of Engineers, sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nítorí òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ gba oyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lọ nígbà náà. Lónìí, Zaria, Nsukka, Èkó, Ifẹ̀ àti ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé: báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe lo sáà kan lẹ́yìn odi láàárín ọdún márùn-ún wọ̀nyí, tí kò fi ní í pàdánù ọdún kan?

Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà dà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: a kì í kọ́ òkè kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ìṣirò ọdún kìn-ín-ní àti èkejì ni ó gbé ìmọ̀ ìgbóná àti ìmọ̀ bí omi ti ń ṣàn ró. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdánù ẹ̀kọ́ kan tí a ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, ọdún kan gbáko ni yóò fi dúró dè é. Yàtọ̀ sí èyí, ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sọ àwọn yunifásítì ìjọba di àtìpa fún oṣù mẹ́jọ. Yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè kì yóò sún sáà rẹ̀ síwájú nítorí tiwa.

Síbẹ̀, àwa rí àlàfo kan. Láti ọdún 1973 ni Industrial Training Fund ti ń ṣètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, oṣù mẹ́fà nínú ọdún kẹrin ni ó jẹ́ ti àwọn ẹnjiníà. Bí a bá gbà kí wọ́n lo oṣù mẹ́fà yìí ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn odi, wọn kì yóò pàdánù kíláàsì kankan.

Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ìlú òyìnbó. Ní ọdún 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún kan náà ni a dá àjọ WAEC sílẹ̀, tí ìdánwò rẹ̀ pa ọmọ wọn àti ọmọ wa pọ̀. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 sì fún wa láàyè láti wọ ibẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ìwé ìgbélùú ni yóò bo ìyókù sáà. Ọdún mẹ́rin ni oyè tiwọn. Nítorí náà ẹ̀kọ́ sí ẹ̀kọ́ ni kí a fi wé ara wọn, kì í ṣe ọdún sí ọdún.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí yunifásítì méjèèjì fọwọ́ sí ìwé tí a kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbéra. Kí COREN, tí òfin fún ní àṣẹ lórí iṣẹ́ ẹnjiníà, sọ ní gbangba ohun tí òun yóò gbà. Kí ìjọba sì pèsè owó ìrànwọ́, kí ó má baà jẹ́ ti ọmọ olówó nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ wa: ẹni tí ó lọ fún sáà kan, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń dúró dè é nílé, ní ìdí láti padà. Ẹni tí ó kó gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn odi kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.