Agbárí Ihò Eléérú: Ṣé Ọ̀rọ̀ Àlejò Ni?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Síbẹ̀, àwọn kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá a máa wí pé ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn àti ti egungun inú ilẹ̀ kò kàn wá. Iṣẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì ni. Èmi kò gbà.

Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú egungun ènìyàn nínú ihò àpáta kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Èédú tí wọ́n bá níbẹ̀ fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún. Ní ọdún 2011, Katerina Harvati àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀mọ̀wé Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, tún gbé ọ̀rọ̀ agbárí náà yẹ̀ wò. Wọ́n sàmì sí ojú ibi púpọ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yọ ti títóbi kúrò, ó ku ìrísí nìkan, wọ́n sì fi í wé ti àwọn mìíràn. Agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀. Agbedeméjì ni ó wà láàárín ti ènìyàn àtijọ́ àti tiwa. A jẹ́ pé àyípadà ẹ̀dá kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n orúkọ wo ni ayé fi mọ̀ ọ́n? 'Iwo Eleru'! Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Ihò Eléérú ni, ihò tí ó kún fún eérú. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe tiwọn. Àwa tí àkọtọ́ jẹ́ iṣẹ́ wa ni a dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tí ó bá ń bínú pé wọ́n ní ọ̀bọ ni ó bí wa, kí ó fara balẹ̀: ohun tí wọ́n wí ni pé àwa àti ọ̀bọ jọ ní baba ńlá kan láyé ọjọ́un. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi agbárí yìí yangàn pé Yorùbá ni olóògbé náà, kí òun náà ṣe sùúrù. Egungun kì í sọ èdè.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́la ni a ó di olùkọ́. Bí ọmọ Àkúrẹ́ kan bá béèrè ẹni tí ó sùn sínú ihò náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé àlejò ni yóò dá a lóhùn.