Ọ̀sẹ̀ ìgbafẹ́ tí olówó rẹ̀ ń sá fún kì í ṣe ẹ̀bùn fún aláàánú

Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Houston àti Atlanta, kò ṣàjèjì kí ìdílé lọ gbafẹ́ ní Orlando, kí wọ́n fi oúnjẹ ọ̀fẹ́ pè wọ́n sí ìpàdé, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ ra ohun tí wọ́n ń pè ní timeshare. Owó ńlá ni wọ́n máa ń san kí wọ́n lè máa lo ilé ìgbafẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún.

Owó ìtọ́jú ilé ni wàhálà ibẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á, yálà onítọ̀hún lọ tàbí kò lọ, ó sì máa ń lọ sókè. Púpọ̀ nínú àdéhùn náà ni kò lópin. Bí ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù bá wá le, tí onílé fẹ́ tà á, yóò rí i pé àwọn mìíràn ń ta tiwọn ní dọ́là kan, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà á.

Ibẹ̀ ni alágbàtà ti ń wọlé wá, á ní kí wọ́n fi tọrẹ, kí ìjọba lè dín owó orí wọn kù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ni ẹgbẹ́ tó ń bọ́ ọmọ aláìlóbìí fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ní Florida ṣe? Bí wọ́n bá gbà á, ọrùn wọn ni owó ìtọ́jú yẹn máa wọ̀. Ẹrù tó wọ olówó lọ́rùn, tó wá gbé e lé aláìní lórí, ṣé sàárà nìyẹn?

Ti owó orí náà kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Iye tí nǹkan náà lè pa lọ́jà lónìí ni òfin Amẹ́ríkà mọ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á. Dọ́là kan kò lè dín owó orí ẹnikẹ́ni kù. Bí wọ́n bá ní ó ju 5,000 dọ́là lọ, adíyelé tí kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan dá irú ẹgbẹ́ báyìí sílẹ̀ ní Montana, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì ń díyelé ọjà, wọ́n ń bu iye lé e. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kó san ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2023. Oníṣòwò aládàáni sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọrẹ àánú kì í wọ ìwé ìnáwó ṣọ́ọ̀bù. Ìwé owó orí òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ni ibùdó ìgbafẹ́ náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Àwọn kan ń gbà á padà bí kò bá sí gbèsè lórí rẹ̀. Alágbàtà tó bá ní kí wọ́n sanwó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹra fún un. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lùwé ní Florida, ọjọ́ 10 péré ni òfin fún un láti fi kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́.