Ọ̀rẹ́ Ọlọ́jà: Títà Ni Tàbí Yíyá?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀. Ǹjẹ́ ẹni méjì tó ń ta ọjà kan náà lè bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ kí ó sì tọ́jọ́? Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe. Èmi ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ní bí a ti í ṣe é.

Ní Alímọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín, kò tilẹ̀ sí bí a ṣe lè yẹra fún ara wa. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2006, 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí nìkan. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, títí dé Ìgàndò, aláta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláta, onírẹsì kọjú sí onírẹsì. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í yá ẹyẹ ní ìrẹsì. Àwa ń yá ara wa.

Bí oníbàárà bá béèrè ọjà tó ti tán nísọ̀ wa, a ó sáré mú ti aládùúgbò tà, a ó sì san owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n nítorí pé wọ́n pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, ẹni tó lọ́rẹ̀ẹ́ lọ́jà ló ń rí ṣéńjì. Ọ̀rẹ́ ọjà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Nítorí pé wọ́n mọ̀ mí sí olùkọ́, àwọn ọlọ́jà máa ń pè mí láti bá wọn ṣe ìṣirò. Ẹjọ́ kan tí wọ́n pè mí sí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin méjì ni, ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìrẹsì sì ni àwọn méjèèjì ń tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2023, àbúrò gba àpò mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, wọn kò sì dá ọjọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin; ní oṣù kẹfà, náírà já wálẹ̀ sí dọ́là. Gbogbo ọjà gbówó lórí. Nígbà tí àbúrò mú owó wá ní oṣù kẹjọ, iye ti oṣù karùn-ún ni ó kà sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iye tí ẹ tà á fún mi nìyí."

Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, "N kò ta ìrẹsì fún ọ o. Mo yá ọ ni. Owó yìí kò lè ra àpò mẹ́ta padà fún mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni ẹ dá láre? Èmi kò rí olè nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn kò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: títà ni tàbí yíyá? Bí ó bá jẹ́ títà, ẹ̀gbọ́n ló ni àdánù. Bí ó bá jẹ́ yíyá, àpò ìrẹsì mẹ́ta ni àbúrò jẹ. Mo ní kí wọ́n pín àlékún owó náà sí méjì, kí olúkúlùkù gbé ìdajì. Wọ́n gbà, àbúrò sì san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n jọ ń jẹ ti dópin.

Ẹ wá wo èésú. Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó rékọjá òkun dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé àwọn tó ń dá a fẹ́ràn ara wọn jù wá lọ. Iye owó wà, ọjọ́ wà, gbogbo wọn sì mọ ẹni tó kàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọjà ọ̀rẹ́, ẹ sọ ọ́ jáde bóyá títà ni tàbí yíyá. Ẹ kọ iye ọjà, iye owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti ọjọ́ tí ẹ ó san án sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, ẹ tọ̀ ọ́ lọ kí ó tó wá yín wá. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Ẹ má sì ṣe pe oníbàárà tó dúró nísọ̀ ọ̀rẹ́ yín.

Àwọn kan yóò ní, "Tíṣà, bí mo bá mú ìwé jáde, ṣé kò ní rò pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé òun?" Ẹ dá a lóhùn pé nítorí ọmọ ni. Bí ọlọ́jọ́ bá dé sí ọ̀kan nínú yín lójijì, àwọn ọmọ kò mọ ohun tí ẹ jọ sọ, ìwé nìkan ni yóò sọ ọ́ fún wọn. Ẹ ra ìwé náà lọ́la. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.