ÒKÚTA INÚ ÒRÓÒRO: ṢÉ DANDAN NI IṢẸ́ ABẸ?

Kò sí obìnrin tó ti kun adìẹ rí tí kò mọ òróòro. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ ni. Bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì bẹ́ ẹ, ẹran ti korò nìyẹn. Irú àpò yìí wà lára èèyàn náà, lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ní ìhà ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò ọ̀hún, àpò ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Béèyàn bá ti jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, àpò á fún ara rẹ̀ pọ̀, omi á sì dà sínú ìfun láti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá náà.

Nígbà míì, omi yìí á dì, á di òkúta. Òmíràn kéré bí iyanrìn, òmíràn tóbi bí ekùrọ́. Obìnrin ló ń ní in ju ọkùnrin lọ, pàápàá ẹni tó ti bímọ púpọ̀, ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, àtẹni tó sanra. Àwọn tó ní àrùn fòníkúfọ̀ládìde ńkọ́? Tiwọn tún yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn tètè máa ń fọ́, ohun tó sì ń ti ara rẹ̀ jáde ló ń di òkúta dúdú nínú òróòro. Kódà, ọmọdé wọn ń ní in.

Ọjọ́ tí dókítà bá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún wo ikùn, tó ní òkúta wà ńbẹ̀, lọ̀rọ̀ máa ń di ariwo. Ẹnì kan á ní kí wọ́n yáa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́la. Ẹlòmíràn á ní agbo ló máa yọ ọ́. Aládùúgbò á ní ẹni tí ọ̀bẹ bá kàn, kì í dìde mọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe òkúta ni wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, wàhálà tí òkúta bá dá sílẹ̀ ni.

ÒKÚTA TÓ JÓKÒÓ JẸ́Ẹ́

Nínú èèyàn 10 tó ní òkúta yìí, bíi 8 ni kò dùn rárá. Ẹlòmíì á gbé e títí dọjọ́ alẹ́ láìmọ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní kí onítọ̀hún máa ṣọ́ ara. Ó lóhun tó lè mú kí wọ́n sọ ohun mìíràn: bí òkúta bá tóbi gan-an, tàbí bí ẹran kékeré bá hù nínú àpò náà tó sì ti tó sẹ̀ǹtímítà 1, torí irú ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ.

ÒKÚTA TÓ Ń JÀ

Èyí tó ń jà kì í fara pa mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí lóru, ìrora á mú èèyàn ní òkè ikùn lápá ọ̀tún, á gun ẹ̀yìn àti èjìká ọ̀tún. Ó lè tó wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, á wá lọ. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ọgbẹ́ inú, wọ́n á sì máa ra oògùn kiri. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń padà wá ni. Níbí ni iṣẹ́ abẹ ti ń di ọ̀rọ̀ gidi. Wọ́n á yọ àpò náà tòun tòkúta, torí bí wọ́n bá fi àpò sílẹ̀, á tún ṣe òkúta mìíràn.

Ṣùgbọ́n bí ìrora bá wá pẹ̀lú ibà àti gbígbọ̀n, bí ojú bá pọ́n bí omi àtaare, bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Coke, tí ìgbẹ́ sì funfun bí ẹfun, ẹ má sùn mọ́jú. Òkúta ti dí ọ̀nà nìyẹn. Ọ̀sìbítù ló kàn, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó ń pa èèyàn.

AGBO ŃKỌ́?

Àwọn kan ń po òróró ólífì mọ́ omi ọsàn kíkan, wọ́n ní òkúta á bá ìgbẹ́ jáde. Ohun rọ̀gọ̀dọ̀ ń jáde lóòótọ́, àmọ́ òróró tó dì bí ọṣẹ nínú ìfun ni. Òkúta ṣì wà níbi tó wà. Oògùn ọ̀sìbítù kan wà tó ń yọ́ àwọn òkúta kéékèèké kan, ṣùgbọ́n ó ń gba oṣù púpọ̀, òkúta náà sì lè padà wá. Kò ràn òkúta dúdú àwọn onífòníkúfọ̀ládìde.

IṢẸ́ ABẸ FÚNRA RẸ̀

Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ ọ́ ní Berlin, ní Jámánì, lọ́dún 1882. Lọ́dún 1985, Erich Mühe, ará Jámánì bákan náà, fi ihò kéékèèké ṣe é, láìla ikùn gbàràgàdà. Wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ ní Nàìjíríà náà, títí kan Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún lọ́nà yìí lè lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó lè gbẹ́rù.

Èèyàn lè wà láàyè láìní àpò òróòro. Ẹ̀dọ̀ á ṣì máa ṣe omi rẹ̀, ìfun ni yóò máa kán sí tààrà. Inú àwọn kan lè máa ṣí fúngbà díẹ̀. Ewu ò sì ṣàìsí: ẹ̀jẹ̀ lè dà, ọ̀bẹ sì lè ṣèèṣì kan ọ̀nà tí omi ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ẹni tó ní fòníkúfọ̀ládìde gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí wọ́n lè ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ bi dókítà: Ṣé òkúta yìí gan-an ló ń fa ìrora mi? Bí mo bá dúró, kí ló lè ṣẹlẹ̀? Ṣé ihò ni tàbí lílà? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe é? Èló ni gbogbo owó rẹ̀?

Ẹni tí tiẹ̀ ń jà, tí kò sì ní ibà tàbí ojú pípọ́n, lè bá dókítà mú ọjọ́, kó gba àjọ rẹ̀, kó wá ẹni tí yóò bá a jókòó ti ìsọ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí àpò bá jẹrà, kò ní ráyè yan ọjọ́ kankan.