Ìfẹ́ Tòótọ́: Ewì Kan àti Lẹ́tà Opó Kan



Bí ọmọ yín bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, ó lè gbé ìwé méjì kan wọlé lọ́jọ́ kan. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé lásán ni. Àwọn méjèèjì ń dáhùn ìbéèrè kan tí kò yọ ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀: kí ni ìfẹ́ tòótọ́?

Èkíní jẹ́ ewì kúkúrú tí William Shakespeare, ará Ìlú Ọba, kọ. Ọdún 1609 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìlà 14 péré ni. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú 154 tí a tẹ̀ papọ̀, èyí ni nọ́ńbà 116. Akéwì náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ó wà níbi ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àlùfáà ti ń bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so tọkọtaya pọ̀. Ó ní òun kò gbà pé ìdí kankan wà bí ọkàn méjì bá fẹ́ ara wọn ní òtítọ́. Ó ní ìfẹ́ tí ó ń yí padà nítorí pé ẹnì kejì yí padà kì í ṣe ìfẹ́. Ó fi í wé ìràwọ̀ tí àwọn atukọ̀ ń wò lójú òkun. Ó ní àkókò lè fi dòjé rẹ̀ gé ẹwà ojú kúrò, ṣùgbọ́n kò lè gé ìfẹ́.

Èkejì jẹ́ ìwé ìtàn tí Mariama Bâ kọ, obìnrin Mùsùlùmí, ará Sẹ̀nẹ̀gà. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, ó jáde ní 1979, ó sì gba ẹ̀bùn Noma ní 1980. Modupe Bode-Thomas ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì pè é ní So Long a Letter. Lẹ́tà gígùn kan ni gbogbo ìwé náà. Ramatoulaye, olùkọ́, ń kọ ọ́ sí Aissatou ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí ń jókòó. Ọdún 25 ni ó ti wà nílé Modou, ọmọ 12 ni ó bí fún un, kí Modou tó fẹ́ Binetou, ọmọ ilé ìwé tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ wọn. Obìnrin náà kò gbọ́ títí yìgì fi so tán. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Lèmọ́mù, Tamsir ẹ̀gbọ́n Modou, àti Mawdo ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sọ fún un. Modou kò padà wálé mọ́. Ẹrù ilé àti ọmọ já lé obìnrin náà nìkan lórí.

Aissatou náà ti rí tirẹ̀. Mawdo ni ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ ìyàwó kejì kí inú ìyá rẹ̀ lè dùn. Aissatou kó ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin, ó jáde.

Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ó ní ìfẹ́ tòótọ́? Bí a bá fi ewì náà wọ̀n wọ́n, a ó ní Ramatoulaye ni, nítorí ọkọ yí padà, òun kò yí. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń pa ìyàwó lẹ́nu mọ́: “Ní sùúrù, ìfẹ́ a máa fara dà á.” Ṣùgbọ́n ẹ tún ewì náà gbọ́. Ẹni méjì ni ó ń bá wí, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ mú ni ẹni tí ó fẹ́ yí padà. Ìràwọ̀ a máa fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi, kì í san owó ilé ìwé. Ohun tí akéwì fi sílẹ̀ ni Mariama Bâ mú sọ: kí ni ṣíṣe nígbà tí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń pa àdéhùn mọ́?

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Tamsir wá láti ṣú u lópó. Ramatoulaye lé e. Daouda Dieng, ọmọlúwàbí ènìyàn, náà wá. Ó kọ̀, nítorí kò fẹ́ràn rẹ̀ bí aya ti í fẹ́ràn ọkọ, kò sì fẹ́ kí ìyàwó ilé ọkùnrin náà jẹ irú ìyà tí òun jẹ. Ìfẹ́ tí kò yẹ̀ nínú ìwé náà, àárín ọ̀rẹ́ méjì yìí ni ó wà. Nígbà tí Aissatou gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun àti àwọn ọmọ ń jìyà nínú mọ́tò èrò, ó ra mọ́tò fún un.

A kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀sìn: ó fi àyè gba ju ìyàwó kan lọ. Ṣùgbọ́n Súratu-n-Nisáì fi ìdọ́gba ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé òun kò ní lè ṣe é, kí ó dúró lórí ẹyọ kan. Súratu-r-Rúùmù sì kọ́ wa pé nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ ni a ṣe dá aya fún wa. Ọkọ tí ó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún aya ọdún 25, ìfọ̀kànbalẹ̀ wo ni ó kù?

Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà ńlá kan ní Chicago. Ọba jókòó, olorì àgbà dúró lẹ́yìn àga, ó ga ju ọba lọ. Bí ẹni tí ó jókòó bá ti òpó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣubú, ta ni òrùlé yóò wó lé lórí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń jókòó níbi yìgì. Lèmọ́mù inú ìwé náà lọ jíṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ẹ jẹ́ kí àwa máa bèèrè ṣáájú: “Ǹjẹ́ ìyá ilé gbọ́? Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ tí ó wà nílẹ̀?” Ìbéèrè kì í ba yìgì jẹ́. Ọkùnrin tí kò bá rí èsì fún un, kí ó lọ sinmi ná.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́ ọmọbìnrin yín níṣẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Ramatoulaye fi bọ́ ọmọ. Ẹ má sì ṣe bí ìyá Binetou, tí ó fi ọmọ rẹ̀ ra ilé àti mọ́tò. Ẹ̀yin ọkọ, dòjé àkókò yóò kan ìyàwó kékeré náà. Ìwà ni kò ní gé.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú fi ìfẹ́ àti òdodo sí àárín ilé wa. Àmín.